Ìwé Tí Fìyìnfólúwa Máa Kà

Bí ẹ bá rí Adéṣínà níwájú ilé rẹ̀ ní Odigbo láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó ká lórí ẹní, tó ń súfèé orin ìyìn, ẹ ó rò pé ọkàn ọkùnrin náà balẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Láti ìgbà tí èsì ìdánwò JAMB ti jáde lọ́dún tó kọjá ni ọkàn rẹ̀ ò ti sí níbì kan. Fìyìnfólúwa àkọ́bí rẹ̀ ló ṣe ìdánwò náà. Kọ̀ǹpútà Sáyẹ́ǹsì ni ọmọ náà fẹ́ kà, máàkì tí wọ́n sì ń bèèrè fún un, ó kù díẹ̀ kí tirẹ̀ pé e. Ó kù díẹ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dun bàbá náà. Ká ní ọmọ náà tilẹ̀ ṣubú pátápátá ni, ìbá gba kámú, kó wá iṣẹ́ ọwọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀, ọmọ sì ti jókòó sílé láti ìgbà náà, ó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sóko ní ọ̀nà Omifunfun, ó ń tẹ fóònù kiri ilé. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ṣe ìwé mẹ́wàá, òmíràn ti wọ yunifásítì, òmíràn ti gbé oyún ọmọkùnrin tó ń wa mọ́tò Bẹnin. Ẹ̀rù ń ba Adéṣínà. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á gan-an ni.

Ẹnjiníà ni Fìyìn fẹ́ jẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, inú bàbá rẹ̀ dùn.

"Ẹnjiníà wo? Ti mọ́tò ni àbí ti iná?"

"Ti sọ́fúwíà, sà. Ti inú kọ̀ǹpútà."

Inú bàbá náà bàjẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí òun mọ̀ ni ti àwọn ọmọge tó ń jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù ní Ore, tí wọ́n ń tẹ ìwé fún ará Ọlọ́run, tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ẹ̀rí ọjọ́ orí. "Ṣé torí kí o lọ máa tẹ̀wé lábẹ́ bíríìjì Ore ni mo ṣe ń pa ara mi nínú oko?" Ọmọ náà gbìyànjú láti ṣàlàyé pé kì í ṣe títẹ̀wé, pé ẹnìkan ló kọ nǹkan tí àwọn tó ń tẹ̀wé náà ń lò, pé iṣẹ́ ẹni yẹn ni òun fẹ́ ṣe. Bàbá ní òun ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ kòkó tí òjò fẹ́ pa ló ń rò nígbà yẹn.

Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ni àwọn àgbà wí. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé láti sọ fún wa pé ẹni tí a ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà. Ta ni Adéṣínà wá lọ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Oríyọmí! Oríyọmí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ pé kò sí ohun tí ẹ máa bi í tí kò ní dáhùn, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ eyín, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú.

"Ágíríìkì ni kó mú," ni Oríyọmí wí, ó ń fi igi ta eyín. "Àwọn tó ń dù ú ò pọ̀, kíá ni wọ́n máa gbà á. Tó bá ti wọlé, tó bá di ọdún kejì, á sọdá sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ṣebí bí Adédoyin mi ṣe ṣe é nìyẹn? Ó sọdá!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Adéṣínà létí bí oyin, nítorí ó jọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe láti kékeré. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn oúnjẹ, ó pe Fìyìn jókòó.

"Ta ló ń gbin kòkó sínú oòrùn gbalaja? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń gbìn, kó lè ṣíji bo kòkó títí yóò fi dúró. Tó bá ti dúró tán, a gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dànù. Ágíríìkì yìí ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tìrẹ. Kọ̀ǹpútà ni kòkó. Ó yé ọ?" Ó wo ìyá ọmọ náà lójú, bóyá ó gbọ́ bí òun ṣe sọ̀rọ̀. "Máàsì tó gbé ọ ṣubú lọ́dún tó kọjá yẹn, yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí o fẹ́ ṣe. Fi Ágíríìkì dípò rẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá yọ Máàsì..."

"Bí ọmọdé bá ń gé igi nígbó, àgbà ló ń mọ ibi tí yóò wó sí."

"Sà, ẹ jẹ́ kí n kàn..."

"Fìyìnfólúwa."

Orúkọ náà tó. Tí bàbá yìí bá ti pe orúkọ ọmọ náà délẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Ọmọ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó kó àwo kúrò nílẹ̀.

Ní báyìí, ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni Fìyìn ti ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Ore, tó ń padà wálé lásán, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò dára. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni Adéṣínà ti ń gbààwẹ̀ àárọ̀ nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láàárọ̀ yìí, kí ọmọ tó gun ọ̀kadà, ó tún rán an létí. "Ágíríìkì o." "Mo gbọ́, sà." Ojú ọmọ náà wà nílẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Bàbá ní ọmọ gidi ni òun bí, ọmọ tó mọ àgbà.

Ìgbà tí oòrùn gbóná díẹ̀ ni Ìyáàfin Olúyẹ́misí ń kọjá lọ. Tíṣà Máàsì ni, láti apá Òṣogbo ni wọ́n ti gbé e wá sí Odigbo. Òun ló kọ́ Fìyìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Fìyìn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ńkọ́? Mo lérò pé ó ti lọ sí Ore? Òní ló parí o."

"Tíṣà, ó ti lọ tipẹ́. Ẹ tiẹ̀ wá gbọ́ ọgbọ́n tí a dá sí i lọ́tẹ̀ yìí." Adéṣínà sọ̀kalẹ̀ lórí kòkó. Ẹ ò rí i bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn! Ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbin kòkó, ó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dànù, ó yọ Máàsì, ó fi Ágíríìkì rọ́pò, ó wá dúró kí tíṣà yìn ín.

Tíṣà ò yìn ín. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ta ló sọ èyí fún yín?"

"Ṣé kò dáa ni?"

"Ẹni tí kò bá ṣe Máàsì àti Físíìsì nínú JAMB, wọn kì í wo orúkọ rẹ̀ rárá lẹ́ka kọ̀ǹpútà. Ká tilẹ̀ ní ó gba máàkì tó lé ní igba. Ti pé yóò sọdá yẹn, àwọn tí wọ́n ń gbà sọdá kò tó nǹkan, ẹni tí kò sì ní Máàsì kò ní ohun tí yóò fi bẹ̀bẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ọmọ Oríyọmí sọdá."

"Adédoyin? Ó sọdá lóòótọ́. Ó kúrò lẹ́ka irúgbìn, ó lọ sí ẹ̀ka ilẹ̀. Inú Ágíríìkì náà ló wà."

Tíṣà ń sọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, ó ti di ohùn ẹni tó ń bá olóòkú sọ̀rọ̀. Ó ní Fìyìn ti wá bá òun lórí ọ̀rọ̀ ohun tó fẹ́ kà láìmọye ìgbà. Ó ní àwọn jọ yẹ̀ ẹ́ wò: pé oyè kan wà tó ń jẹ́ Sọ́fúwíà Ẹnjiníárìn gan-an, ṣùgbọ́n yunifásítì tó ń kọ́ ọ kò pọ̀, àwọn tó sún mọ́ wọn kò ní i, pé Kọ̀ǹpútà Sáyẹ́ǹsì ni ọ̀nà tó tọ́, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ti wá, pé máàkì tó dín lọ́dún tó kọjá, àwọn ti ń ṣe Máàsì lójoojúmọ́ láti dí i.

"Lójoojúmọ́? Ọmọ tèmi?"

"Tí mo bá ti kúrò nílé ìwé, Bàbá. Ó ní òun ti sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, pé ẹ ti gbọ́."

Ẹ̀yin ẹ gbà mí o. Adéṣínà jókòó sórí ẹní kòkó, kò mọ̀ pé òun jókòó. Bí wọ́n bá ti fi orúkọ náà ránṣẹ́, ni tíṣà wí, tí ọmọ bá ti tẹ ìka, àti fà á padà di wàhálà. Ó pe fóònù Fìyìn. Kò wọlé. Ó tún un pè. Kò wọlé. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọ ibẹ̀.

Kò wọ bàtà. Ó jáde sí títì pẹ̀lú sílípáàsì ìyàwó rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọ̀kadà àkọ́kọ́ tó rí. Olúwatófúnmi ló ń wà á, ọmọ àdúgbò.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan o?"

"Ore. Sáré."

"Ṣé ẹnìkan ń ṣàìsàn ni?"

"Tófúnmi, mo ní kó o sáré!"

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, eruku pupa ń gbóná lójú ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ojú inú ọkùnrin náà ò sinmi. Ó rí i bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń tẹ ìka. Ó rí i nínú oko Ágíríìkì, tó ń ka ìwé nípa ewé tó ti mọ̀ láti ìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú. Ó rí i tó darúgbó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "bàbá mi ló ní kí n mú un." Ó wá ń gbàdúrà, àdúrà tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. "Olúwa, jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bàjẹ́. Èyí tí mo bẹ̀ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ yìí, mo gbà á padà. Bà á jẹ́, Bàbá. Bà á jẹ́ pátápátá."

Kí wọ́n tó dé Ore, ọkọ̀ agbégẹdú kan ti dábùú ọ̀nà, gẹdú ti dà sílẹ̀, mọ́tò ti tò gbọọrọ. Tófúnmi ní kí wọ́n ní sùúrù. Sùúrù kẹ̀? Adéṣínà fò sílẹ̀, ó gun orí gẹdú kọjá, sílípáàsì kan já, ó jù ú sínú igbó, ó ń sáré lẹ́sẹ̀ kan tó wọ bàtà. Àwọn èèyàn ń kígbe, "Bàbá, ẹ rọra o!" Ó bá ọ̀kadà mìíràn lódìkejì. Nígbà tí wọ́n fi dé oríta Ore, tí àwọn ọmọ gáréèjì ń kígbe "Bẹnin, one more! Bẹnin straight!" eruku ti dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

Ilé alájà kan lẹ́yìn gáréèjì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, "Bàbá, àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò nìkan ló ń wọlé." Adéṣínà gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá.

Yàrá náà tutù. Àwọn ọmọ tò jókòó sí ara ògiri. Lórí tábìlì tó kángun sí fèrèsé, ọmọbìnrin kan tó borí, Ìdáyátù ni wọ́n ń pè é, ń tẹ kọ̀ǹpútà, Fìyìn sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fìyìn gbójú sókè. Ó rí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bàtà ẹsẹ̀ kan, eruku látorí dé ẹsẹ̀, ojú pọ́n koko.

Ọmọ náà wólẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú! Ẹ jọ̀ọ́, sà! Mo fẹ́ sọ fún yín tí mo bá délé!"

Adéṣínà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ikọ́ ló jáde.

"Àǹtí," Fìyìn yíjú sí Ìdáyátù, "ẹ bá mi yí i padà. Ẹ má fi í ránṣẹ́. Ẹ yọ Kọ̀ǹpútà Sáyẹ́ǹsì yẹn, ẹ fi Ágíríìkì sí i."

"Ṣebí ìwọ lo ní Kọ̀ǹpútà? Ó ku kó o tẹ ìka."

"Ẹ yọ ọ́. Ẹ yọ Máàsì náà. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ti dé."

Bàbá mi ti dé. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ọmọ fi yọ̀ nìyẹn. Adéṣínà gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ó sì yé e wàyí. Ọmọ náà ti yan èyí tó tọ́ láìsọ fún un. Kò sí ewu kankan nínú yàrá yìí títí òun fi wọlé. Òun tó sáré wá gba ọmọ là ni ọmọ ń sá fún, ìka Ìdáyátù sì ti ń lọ lórí kọ̀ǹpútà, ó ń pa nǹkan rẹ́.

Ó na ọwọ́ gbá tábìlì gbàà. "Rárá!"

Fìyìn fi apá bo ojú. Adéṣínà ò rántí ìgbà tó lu ọmọ yìí gbẹ̀yìn, àmọ́ apá ọmọ náà rántí.

"Má yọ ọ́," ó fipá sọ ọ́ láàárín ikọ́. "Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Bàbá, ó tán, mo máa ṣe Ágíríìkì. Mo ti gbọ́, sà."

"Mo ní kó o ṣe èyí tó wù ọ́!"

Háà, Adéṣínà! Ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ ọmọ nínú ilé bàbá yín rí. Bí bàbá bá sọ pé kí o ṣe èyí tó wù ọ́, ta ló jẹ́ ṣe é? Fìyìn bú sẹ́kún. Ó ń bẹ Ìdáyátù kó ṣe kíá, kó yọ ọ́ kíá.

Bàbá náà kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan kó lè bá ojú ọmọ rẹ̀ dọ́gba. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń wò ó. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà ti wọlé, ó dúró.

"Fìyìn. Mi ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí mo ń sọ látọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ ọ́n. Oríyọmí náà ò mọ̀ ọ́n. Tíṣà yín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lójú láàárọ̀ yìí. Mo ṣì ọ́ lọ́nà. Mo wá kí o má bàa gbọ́ tèmi ni."

Ọmọ náà dá ẹkún dúró. Ṣùgbọ́n ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò. Ó ń wo iwájú orí rẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń wá ohun tí bàbá fẹ́ gan-an, bó ṣe máa ń wá a láti ìgbà tó ti wà ní ọmọdé, kó lè ṣe é kí wọ́n tó sọ ọ́.

"Bàbá, èwo ni kí n fi sí i?" ni Ìdáyátù bèèrè. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí lè lọ nígbàkigbà o."

"Má bi mí. Òun ni kó o bi."

Ìdáyátù bi í. Ojú Fìyìn ò kúrò lójú bàbá rẹ̀. Adéṣínà sì mọ̀ pé bí òun bá wà níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ojú òun ni ọmọ yìí máa kà, ohun tó bá sì rò pé ó rí níbẹ̀ ló máa tẹ̀. Ó dìde. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó jáde.

Ó dúró níta, ó kọjú sí títì. Àwọn mọ́tò ń lọ, àwọn obìnrin ń gbé ìpékeré sáré tẹ̀ lé wọn. Ìdúró yẹn gùn ju gbogbo ìrìn tó rìn wá lọ. Bóyá Ágíríìkì ló ń tẹ̀ nísinsìnyí, nítorí kí ó lè tẹ́ òun lọ́rùn. Kí ni kò ní jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́? Ọmọ tó gbọ́ràn ni òun tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀, gbogbo ìjọ ló ṣe àmín. Ọlọ́run sì fún un ní ọmọ tó gbọ́ràn. Ẹ̀ẹ̀melòó ló fẹ́ yíjú padà wo inú ilé, tó di ara rẹ̀ mú! Òógùn ń ṣàn sí i lójú, kò nù ún.

Ẹsẹ̀ dún lẹ́yìn rẹ̀. Fìyìn ti jáde, ojú rẹ̀ wú, bébà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Adéṣínà ò wo bébà náà. Ó bèèrè ohun kan ṣoṣo tó wá sí i lẹ́nu.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. A máa ra nǹkan."

Ọmọ náà ò kúrò lójú kan. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀, ó dúró síbi tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó tó la ẹnu.

"Kọ̀ǹpútà ni mo fi ránṣẹ́, sà."

Adéṣínà kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀yìn.

"O ṣeun," ó ní. "O ṣeun, ọmọ mi."